Ẹ̀fọ́, Ẹ̀wà àti Ìpinnu Kékeré: Bí Aboyún Ṣe Lè Tọ́jú Ẹ̀jẹ̀ Ara Rẹ̀

 

Àdúrà tí àwọn àgbà máa ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí ó yẹ kí a ṣe sí i kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ náà ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ìyá tó. Nínú ìwé yìí, a ó ṣàlàyé bí aboyún ṣe lè fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso tí ó wà lọ́jà wa ran ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́. A ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe lè ṣe ìpinnu kékeré lórí oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì mú un ṣẹ. Bí ẹ bá mọ ìyá kan tí kò lè kàwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á sí i létí.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀JẸ̀ FI ṢE PÀTÀKÌ

Kí oyún tó gbó, ẹ̀jẹ̀ tí ń yí lára ìyá máa ń fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa ni èròjà tí a ń pè ní irin. Kì í ṣe irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ o; èròjà tín-ín-tín ni, inú oúnjẹ ni a sì ti ń rí i. Ìyá nílò irin fún ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ibi ọmọ ń gba tirẹ̀. Ọmọ inú náà ń gba tirẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀ pamọ́ tí yóò máa lò ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá bí i. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, irin tí oyún kan ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tó nǹkan bí 1,000 mìlígíráàmù. Bí ìyá kò bá rí i nínú oúnjẹ àti oògùn, inú èyí tí ó ti fi pamọ́ sára ni ọmọ yóò ti máa fà á.

Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò máa rẹ̀ ṣáá. Òòyì lè máa kọ́ ọ, àyà rẹ̀ lè máa lù kì-kì-kì bí ó bá pọn omi tàbí bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Ọmọ rẹ̀ lè kéré, oṣù rẹ̀ sì lè má pé kí ó tó bí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an ni ewu náà pọ̀ jù. Kò sí obìnrin tí yóò bímọ tí kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Obìnrin méjì lè pàdánù ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún yóò jókòó, yóò fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fà tẹ́lẹ̀ lè dákú, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni a ti ń fi ìkòkò ọbẹ̀ gbèjà ara ẹni ní ọjọ́ náà.

Èròjà kejì ni fólíìkì ásíìdì. Òun ni ó ń ran ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró ni ọ̀nà tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń retí oyún pàápàá kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ikùn bá yọ.

OÚNJẸ TÍ Ń FÚNNI LẸ́JẸ̀

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn oúnjẹ yìí kì í ṣe ohun tí a ń lọ sí ilé ìtajà ńlá fún. Orí àtẹ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ó wà.

(a) Ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, úgú, ewédú àti ewúro. Wọ́n ní irin, wọ́n sì ní fólíìkì ásíìdì.

(b) Ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀: ẹ̀wà, òtílí àti sóyà. Wọ́n ní irin, fólíìkì ásíìdì àti èròjà amúaradàgbà tí ń kọ́ ẹran ara ọmọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà sísè, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín, àkàrà tàbí ẹ̀kuru. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú lórí àmàlà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

(d) Ẹ̀pà, ègúsí àti ìrù. Díẹ̀ nínú wọn ń mú kí ọbẹ̀ lásán di ọbẹ̀ tí ó lérè lára.

(e) Èso: ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Fítámì C inú wọn ni ó ń bá irin ṣí ilẹ̀kùn kí ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀.

(ẹ) Epo pupa. Ó ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ó dára fún ojú ìyá àti ti ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ó jó kí ó funfun lórí iná, nítorí èròjà náà ń bá iná lọ.

Ẹ̀bà, iyán, àmàlà àti ìrẹsì ń yóni, wọ́n sì ń fúnni lágbára láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkèlè ńlá pẹ̀lú omi ọbẹ̀ kò lè fún aboyún ní ẹ̀jẹ̀ tí ó tó. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ fi ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ dí àyè rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń SÈ É TÍ KÒ FI NÍ ṢÒFÒ

Irin inú ewébẹ̀ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran àti ẹja. Ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ jẹ ọsàn tàbí gúáfà kan nígbà tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tán.

2. Ẹ má fi tíì tàbí kọfí ti oúnjẹ lọ́fun. Wọ́n máa ń di irin lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu wọ́n.

3. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó gbé e kaná. Ó ń dín ohun tí ń di irin lọ́wọ́ kù. Kíkan tí ògì ń kan àti bí a ṣe ń sé ìrù mọ́lẹ̀ kí ó tó di ìrù ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

4. Ẹ fi omi tí ó mọ́ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ́ ẹ tán. Ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná. Ẹ̀fọ́ tí ó pẹ́ lórí iná ti fi èròjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ooru.

5. Ẹ fi ẹja gbígbẹ tàbí edé díẹ̀ sí ọbẹ̀ bí agbára bá gbé e. Bí ó tilẹ̀ kéré, ó ń ran irin inú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Pọ́nmọ́ kò lè dípò ẹja.

OHUN TÍ EWÉBẸ̀ NÌKAN KÒ LÈ ṢE

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Oúnjẹ dára, ṣùgbọ́n kò lè gba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lo irin 30 sí 60 mìlígíráàmù lójúmọ́, pẹ̀lú fólíìkì ásíìdì 400 máíkírógíráàmù. Bí oògùn náà bá ń rìn yín ní èébì, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ má fòyà. Oògùn náà ni. Bí inú bá ń lé, ẹ̀fọ́, èso àti omi púpọ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má fi tíì tàbí wàrà gbé oògùn náà mì.

Bákan náà, èròjà kan wà tí à ń pè ní fítámì B12 tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Kò sí nínú ewébẹ̀. Inú ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹran ni ó wà. Ìyá tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó jẹ nǹkan wọ̀nyí gbọdọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí a lè fún un ní oògùn tí yóò dípò rẹ̀.

Ibà náà ń pa ẹ̀jẹ̀ run. Ẹ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn lálaalẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún, ẹ lo oògùn tí ń dènà ibà ní kílíníìkì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bímọ, kí oṣù kan sì máa wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Bí amọ̀ bá ń wù yín jẹ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, amọ̀ náà sì tún ń di irin lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún wa; a kò ní bá yín jà.

Àwọn kan ní aboyún kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín kí ọmọ má bàa máa da itọ́. Gbogbo ọmọ ọwọ́ ni ó máa ń da itọ́, ìgbín tí a sè jinná sì jẹ́ oúnjẹ rere. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èèwọ̀ ilé ọkọ yín, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wá ẹyin tàbí ẹja fi dípò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, dókítà ni yóò sọ irú oògùn àti oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́.

ÌPINNU TÍ Ó ṢEÉ MÚ ṢẸ

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ wá sọ́dọ̀ mi. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Mo ka oúnjẹ bíi méjìlá fún un lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyin láàárọ̀, ẹran lọ́sàn-án, wàrà lálẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì.” Kò padà wá fún oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó dorí kodò. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ojú ló ń tì mí. N kò lè ra ọ̀kankan nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀.”

Ojú ti èmi náà. Mo béèrè ohun tí ó ń sè nílé, ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi í. Ó ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ata ni. Mo béèrè ohun tí ó hù ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ní tẹ̀tẹ̀ ni, òun sì ń já a fún ewúrẹ́. A jọ fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ohun méjì péré: ẹ̀kúnwọ́ méjì tẹ̀tẹ̀ nínú ọbẹ̀ ata ní alaalẹ́, àti pé yóò padà wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kílíníìkì. Ó padà wá. A wá fi ẹ̀wà kún un. Oṣù díẹ̀ ni ó kù kí ó bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè. A gbọ́ ohùn rẹ̀, a sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìpinnu tí ó tóbi ju àpò lọ kì í pẹ́ di ìtìjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpinnu, ẹ ṣe é báyìí:

1. Kí ó jẹ́ ohun tí a lè kà. “N ó máa jẹun dáadáa” kì í ṣe ìpinnu, ìfẹ́ ọkàn ni. “N ó jẹ ẹ̀wà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí” ni ìpinnu.

2. Kí ó bá àpò yín mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ẹ ti ń sè tẹ́lẹ̀.

3. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Bí àpẹẹrẹ, “Bí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, n ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ mi.”

4. Ẹ sàmì sí i. Ẹ wá agolo mílíìkì kan tí ó ṣófo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ ju ẹ̀wà kan sínú rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kà á. Ẹni tí kò kàwé lè ṣe èyí láìsí wàhálà.

5. Ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé: ọkọ yín, ìyá ọkọ yín tàbí àbúrò yín. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, bí ẹran inú ọbẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ rántí ẹni tí ń jẹun fún ẹni méjì ìlera.

6. Ẹ ti ronú sí ìdíwọ́ ṣáájú. Bí èébì kò bá jẹ́ kí ẹ lè jẹun láàárọ̀, ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, ẹ fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sínú ọpọ́n tí ó ti fọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ ó ti máa já a.

7. Bí ẹ bá kùnà lọ́jọ́ kan, ẹ má torí rẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ tì. Ọ̀la ni kí ẹ tún mú un.

ÀPẸẸRẸ ÌPINNU FÚN Ọ̀SẸ̀ MẸ́RIN

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ mi, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Ti ọ̀sẹ̀ kìíní, pẹ̀lú ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Ti ìṣáájú, pẹ̀lú ọsàn tàbí èso mìíràn lẹ́yìn oúnjẹ ní ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí tíì pẹ̀lú oúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Ti ìṣáájú, pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹja ní ọjọ́ méjì. Kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni. Bí ẹ kò bá lè parí ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá ń jẹ kí ẹ tó sọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mú ìpinnu kan, kí ẹ kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà wá, ìpinnu náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe é, ẹ yìn ín. Bí kò bá ṣe é, ẹ béèrè ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Ẹ má bá a wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ojú bá tì kò ní padà wá.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ojú lásán kò tó. Bí ó bá wà lábẹ́ gíráàmù 11 nínú désílítà kan ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tàbí oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, tàbí lábẹ́ 10.5 ní àárín oyún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bí ó bá wà lábẹ́ 7, ẹ má fi oúnjẹ jáfara. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Ẹ ṣọ́ra fún fólíìkì ásíìdì 5 mìlígíráàmù. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìdènà ibà tí ń jẹ́ sulfadoxine-pyrimethamine, ó ń sọ agbára oògùn náà di kékeré. Èyí tí ó jẹ́ 0.4 mìlígíráàmù kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀.

Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí olùtọ́jú ìlera ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kí ó tó bímọ, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni àyè tí ẹ ní láti fi ìpinnu kékeré kan lé òmíràn lórí.

ÀWỌN ÀMÌ EWU

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀:

— bí àtẹ́lẹwọ́, ahọ́n tàbí inú ìpéǹpéjú bá funfun;
— bí èémí kò bá délẹ̀ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́;
— bí ẹ bá dákú;
— bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lójú ara;
— bí ojú bá wú, tí orí ń fọ́ gidigidi, tàbí tí ojú ń ṣú;
— bí ara bá gbóná;
— bí ọmọ kò bá mira bí ó ti máa ń mira.

Ní ìparí, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má wo gbogbo ìwé yìí kí ẹ̀rù bà yín. Ohun kan ṣoṣo ni a ń béèrè lónìí. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ mú ìpinnu kan, kí ẹ sì wá agolo kan tí ẹ ó máa fi kà á. Ìlera ni ọrọ̀. Wẹ́rẹ́ ni ẹ ó bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.